Fọ́nrán Inú Ara Ẹja

Ẹ jẹ́ kí n mú yín dé etí òkun Ìlàjẹ. Láti ìgbà tí a ti tẹ Ayétòrò dó ní 1947 ni ẹja pípa ti ń bọ́ ìlú náà. Obìnrin tí ó ń se ẹja mọ̀ pé omi rẹ̀ a máa dì bí ẹ̀kọ bí ó bá tutù. Kọ́lájìn tí iná ti yọ́ nìyẹn: fọ́nrán tín-ín-rín tí ó di awọ, egungun àti ìpẹ́ mú. Lẹ́yìn ikú ẹja nìkan ni ìkòkò ń fi í hàn wá.

Ní 1986, Isaac Freund àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tan iná lésà sí iṣan ìrù eku. Kọ́lájìn inú rẹ̀ dá ìmọ́lẹ̀ àwọ̀ mìíràn padà, láìsí aró kankan. Ọgbọ́n yìí ni a ń lò lónìí fún zebrafish, ẹja onílà kékeré ti Íńdíà, tí ọmọ rẹ̀ mọ́ gaara bí omi. A kò pa á. À ń wo bí fọ́nrán ṣe ń dábùú ara wọn bí ẹní, bí awọ ṣe ń dàgbà.

Orúkọ wo ni kí á fún un? Lójú tèmi, "fọ́nrán ara" sàn ju "iṣan" lọ, èyí tí ẹrù ti pọ̀ jù lórí rẹ̀. Àwọn apẹja Ìlàjẹ lè ní èyí tí ó dára jù bẹ́ẹ̀. Ẹ tètè bi wọ́n, nítorí òkun ti gbé ọ̀pọ̀ ilé Ayétòrò lọ, àwọn ará ibẹ̀ sì ń tú ká.