Ùfẹ̀ Òkè: Ìtàn Òkè Ìdànrè àti Ìbéèrè Nípa Olùtọ́jú Rẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Ìlú kan wà ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó tí orísun rẹ̀ kò fara sin: bí ọmọ ìlú náà bá gbé ojú sókè, yóò rí i. Ìlú Ìdànrè ni mò ń wí. Orí òkè ni àwọn baba ńlá wọn gbé fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Ní ọdún 1923 ni wọ́n sọ̀kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lónìí ni pé: nígbà tí ènìyàn bá kúrò lórí òkè, ta ni ó kù tí ń tọ́jú òkè?

Kí ni orúkọ ń sọ fún wa?

Ìtàn tí ó gbajúmọ̀ jù ni pé àwọn àlejò ni wọ́n rí àwọn àpáta ńláńlá náà, tí ẹnu yà wọ́n, tí wọ́n sì kígbe pé, "Idán rèé!" Ìtàn náà dùn létí, ṣùgbọ́n onímọ̀ ẹ̀dá-èdè kò ní gbà á bẹ́ẹ̀ lásán. Ohùn àárín àti ohùn òkè ni a fi ń pe "idán", ohùn ìsàlẹ̀ nìkan ni ó wà lórí "Ìdànrè". Ohùn wọn kò bára mu rárá. Ó jọ pé orúkọ ni ó kọ́kọ́ wà, kí ìtàn tó tẹ̀ lé e.

Èyí tí ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ jù ni orúkọ àtijọ́ tí àwọn àgbà ìlú ṣì ń pè é: Ùfẹ̀ Òkè. Ẹ̀ka-èdè gúúsù ìlà-oòrùn Yorùbá ni ti Ìdànrè, pẹ̀lú Oǹdó, Ọ̀wọ̀ àti Ìlàjẹ. Níbẹ̀, fáwẹ̀lì "u" máa ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tí Yorùbá àjùmọ̀lò ń fi "i" bẹ̀rẹ̀: ilé di ulé, igbó di ugbó, Ifẹ̀ di Ùfẹ̀. Nítorí náà, "Ifẹ̀ tí ó wà lórí òkè" ni Ùfẹ̀ Òkè. Ó bá ìtàn àtẹnudẹ́nu wọn mu, pé láti Ilé-Ifẹ̀ ni Ọlọ́fin Arẹ̀mìtán ti gbé adé kúrò, tí ó sì tẹ̀dó sórí òkè náà. Bí ẹ bá kọ ẹ̀ka-èdè náà sílẹ̀, ẹ ti kọ ẹ̀rí ìtàn yìí sílẹ̀ nìyẹn.

Òkè gẹ́gẹ́ bí odi

Kì í ṣe Ìdànrè nìkan ni ó fi òkè ṣe ibi ààbò. Ní ọ̀rúndún 19, nígbà tí ogun gba gbogbo ilẹ̀ Yorùbá kan, Ẹ̀gbá sá sábẹ́ àpáta Olúmọ. Ìbàdàn sì ń bọ Òkèbàdàn títí di òní nítorí ààbò tí wọ́n rí níbẹ̀. Àwọn àpáta Ìdànrè ga tó nǹkan bí 3,000 ẹsẹ̀ bàtà sókè òkun, àfonífojì sì wà láàrin wọn tí ìlú lè wọ̀ sí. Ọ̀nà tóóró ni a fi ń gòkè. Ẹni tí ó bá wà lókè yóò ti rí ọ̀tá kí ọ̀tá tó rí i.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi òkè ṣe odi gbọ́dọ̀ tọ́jú rẹ̀. Àpáta kì í fa omi mu. Bí òjò bá rọ̀, gbogbo rẹ̀ ni yóò ṣàn wá sí àfonífojì. Igi ni ó ń dá omi náà dúró kí ó má baà gbá ilẹ̀ lọ. Ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, àwọn baba wa fi èèwọ̀ ṣe òfin lórí irú ibi bẹ́ẹ̀: igbó òrìṣà kò ṣeé ro, odò òrìṣà kò ṣeé pẹja. Ẹni tí kò bẹ̀rù ọba yóò bẹ̀rù òrìṣà.

Ìsọ̀kalẹ̀ ọdún 1923

Kí ló dé tí wọ́n fi kúrò? Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti fòpin sí ogun, odi kò wúlò mọ́. Ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ẹ̀kọ́ dé. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kò lè gun àpáta. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kòkó dé. Ilẹ̀ ìsàlẹ̀ tí igbó bò ni kòkó fẹ́. Odòde, Aládé àti Atoṣin di ibùgbé tuntun, Ìdànrè sì di ọ̀kan lára àwọn ìlú tí kòkó wọn pọ̀ jù ní Nàìjíríà.

N kò ní dá wọn lẹ́bi. Ta ni yóò máa ru omi àti igi gun òkè nígbà tí ọ̀nà tí ó rọrùn ti là? Kòkó ni ó rán ọ̀pọ̀ ọmọ Ìdànrè lọ sí yunifásítì. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí a mọ iye tí a san. Ọ̀pọ̀ igbó ti di oko. Èèwọ̀ tí ń ṣọ́ igbó kò lágbára mọ́ lọ́kàn ẹni tí kò gbé nítòsí rẹ̀.

Ohun tí ó kù lókè

Àtẹ̀gùn tí ó lé ní 600 ni ènìyàn yóò gùn kí ó tó dé ìlú àtijọ́. Ààfin Ọwá wà níbẹ̀, pẹ̀lú ilé ẹjọ́ àtijọ́, ojúbọ àti ibojì. Ipasẹ̀ Agbóògùn wà lára àpáta, èyí tí wọ́n ní ó máa ń bá ẹsẹ̀ gbogbo ènìyàn mu àyàfi ti àjẹ́. Lọ́dọọdún ni wọ́n ṣì ń ṣe ọdún Òrósùn.

Ẹ̀dá kékeré kan tún wà níbẹ̀. Ní ọdún 1963, Arne Schiøtz, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Denmark, ṣàpèjúwe ọ̀pọ̀lọ́ kan tí a kò mọ̀ sí ibòmíràn ju òkè Ìdànrè lọ. Ara àpáta tí omi ń sun lé lórí ni àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń dàgbà. Lẹ́yìn náà, ó lé ní 40 ọdún tí àwọn onímọ̀ kò tún gbúròó rẹ̀, àfi ìgbà tí àwọn olùwádìí kéde ní 2014 pé àwọn tún ti rí i. Bí omi ara àpáta náà bá gbẹ, kò sí ibòmíràn tí a ó ti wá a.

Bàbá àti ọmọ ọmọ rẹ̀

Nígbà tí mo kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gun òkè náà, bàbá àgbàlagbà kan ni ó ṣamọ̀nà wa. Kò sí àpáta tí kò lórúkọ lẹ́nu rẹ̀: èyí tí omi rẹ̀ kì í gbẹ, èyí tí a kì í sùn sábẹ́ rẹ̀ lásìkò òjò. Ọmọ ọmọ rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo bi ọmọ náà bóyá ó mọ àwọn orúkọ náà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Rárá sà, Bàbá ló mọ̀ ọ́n."

Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọmọ mi, ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún? Ẹ̀yin tí ẹ wá láti ọ̀nà jíjìn lẹ ń kọ ọ́ sílẹ̀." Ọ̀rọ̀ náà kò tíì kúrò lọ́kàn mi.

Kí ni ṣíṣe?

Ní ọdún 2007, orúkọ Òkè Ìdànrè wọ ìwé àkọsílẹ̀ àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí àjọ UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé. Ní 2009, ìjọba ìpínlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ọdún Máárè, kí àlejò lè wá gun òkè. Àwọn èyí dára. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn méjì tí Nàìjíríà ti gbà. Súkúr, lórí òkè Mandara ní Adámáwá, gbà á ní 1999. Àwọn ènìyàn ṣì ń dáko lórí òkè náà. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo gbà á ní 2005. Àwọn olùsìn, pẹ̀lú Susanne Wenger tí à ń pè ní Àdùnní, ni wọ́n dúró ti igbó náà kí ìjọba tó dá sí i. Níbi méjèèjì, ènìyàn ló ṣọ́ ilẹ̀. Ìwé ẹ̀rí kàn tẹ̀ lé e ni.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi kò le. Kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ Ìdànrè máa kó ọmọ gòkè pẹ̀lú àwọn àgbà, kí wọ́n sì kọ orúkọ àpáta, odò àti igi sílẹ̀ ní ẹ̀ka-èdè Ìdànrè gan-an, pẹ̀lú àmì ohùn. Kí àwọn àgbẹ̀ kòkó jẹ́ kí igi ńlá dúró sínú oko, pàápàá ní ẹsẹ̀ òkè. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń wá iṣẹ́ ìwádìí, iṣẹ́ nìyí o.

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Àwọn ará Ùfẹ̀ Òkè ti sọ̀kalẹ̀. Kí ojú wọn má ṣe kúrò lókè. Àpáta kò ní lọ síbì kan, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ lè lọ. Ire o.