Ọbẹ̀ Tó Dùn, Owó Ló Pa Á: Ọ̀rọ̀ Lórí Bátìrì Kẹ̀kẹ́ Oníná

Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò fara sin: ẹni tó bá fẹ́ kí ẹran, ẹja, irú àti epo pé sínú ìkòkò yóò tọwọ́ bọ àpò. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń dorí òwe yìí kodò. Ohun tó sọ ni pé ọbẹ̀ tó bá dùn ti náni lówó. Kò sọ pé gbogbo ọbẹ̀ tó bá náni lówó ló ń dùn, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ pé ọbẹ̀ tí owó rẹ̀ kéré kò ṣeé jẹ. Ohun kan sì wà tí àwọn àgbà kò rí ìdí láti fi kún un, torí kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n: ọbẹ̀ ṣeé tọ́ wò kí a tó gbé e mì. Bátìrì kò ṣeé tọ́ wò.

Bátìrì ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, èyí tí wọ́n ń so mọ́ kẹ̀kẹ́ oníná. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù lóṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí lítà kan tí kò tó ₦200 fò sókè kọjá ₦500, tó sì kọjá ₦1,000 kí ọdún 2024 tó parí, ẹni tó ń ná Ìdèrè sí Igbó-Ọrà tàbí Èrúwà, níhìn-ín ní Ìbàràpá, lójoojúmọ́ ti di oníṣirò tipátipá. Ìṣirò ti kẹ̀kẹ́ oníná kò le. Bátìrì tó jẹ́ fólítì 36, tó sì ń gba ámpù-wákàtí 10, wáàtì-wákàtí 360 ló ń kó, torí a kàn ń fi iye kan sọ èkejì di púpọ̀ ni. Èyí kò tó ìdajì yúnìtì iná. Bí a bá ń fẹsẹ̀ ran kẹ̀kẹ́ náà lọ́wọ́, ó lè jẹ wáàtì-wákàtí 10 sí 15 ní kìlómítà kan, ìyẹn ni pé yóò gbé ni tó kìlómítà 24 sí 36, kí a tó yọ ti òkè àti ti ẹrù ẹ̀gẹ́ kúrò. Ta ni kò fẹ́ irú ìyẹn? Ìgbà tí a bá wá béèrè iye bátìrì ni ojú ń là, torí òun ló ń jẹ apá tó pọ̀ nínú owó kẹ̀kẹ́. Ẹnìkan yóò sì wà nítòsí tí yóò ní òun mọ ibi tí wọ́n ti ń tà á lówó pọ́ọ́kú.

N kò sí lára àwọn tó ń bú owó pọ́ọ́kú. Pọ́ọ́kú méjì ló wà, àìyà wọ́n sọ́tọ̀ ló sì ń dá wàhálà sílẹ̀. Ti àkọ́kọ́ ni mo ń pè ní pọ́ọ́kú gbangba. Ẹni tó ṣe ọjà náà yọ nǹkan kúrò, àwa náà sì rí ohun tó yọ: àpótí rẹ̀ jẹ́ ike lásán, kò ní kọ́kọ́rọ́, kò ní iná wẹ́wẹ́ tó ń sọ iye tó kù, kò sí ojú tí a lè ki wáyà fóònù bọ̀. Bóyá ó tiẹ̀ kéré, tó jẹ́ pé Igbó-Ọrà nìkan ló lè gbé wa lọ gbé wa bọ̀. A rí i, a gbà á, a sanwó. Kò sí ẹni tó tan ẹnikẹ́ni. Èkejì ni pọ́ọ́kú ìkọ̀kọ̀. Inú ni wọ́n ti yọ ohun tí wọ́n yọ, ìta sì ń dán gbinrin, nígbà mìíràn ó tiẹ̀ lẹ́wà ju ti àkọ́kọ́ lọ. Èyí tó wá burú jù níbẹ̀ ni pé kì í yọjú lọ́jọ́ tí a rà á. Ó máa ń pẹ́. Kí ó tó yọjú, ẹni tó tà á ti gbàgbé ojú wa.

Ìdèrè ló yẹ kó mọ ìyàtọ̀ yìí ju ìlú mìíràn lọ ní Ìbàràpá. Ní àwọn ọdún 1980, nígbà tí sòbìyà ṣì ń dá àgbẹ̀ dúbúlẹ̀ lásìkò tí iṣẹ́ oko gbóná, àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Ìbàdàn wà nílùú yìí, àwọn àti ará ìlú jọ ń wá ọ̀nà tí omi ọ̀gọ̀dọ̀ yóò fi ṣeé mu. Ọ̀kan lára ohun tí wọ́n lò ni asẹ́ aláṣọ náílọ́ọ̀nù, tí wọ́n ń rán ládùúgbò, tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera abúlé sì ń tà fún aráàlú. Kò sí ohun tó rọrùn tó o: kò ní ẹ̀rọ, kò ní oògùn, kò ní ẹwà. Ohun kan ṣoṣo tó sọ ọ́ di asẹ́ sòbìyà ni kò sí ẹni tó yọ kúrò nínú rẹ̀: ihò rẹ̀ kéré tó láti dá kòkòrò omi tó gbé ọmọ sòbìyà sínú dúró, omi sì ń yára kọjá níbẹ̀ láìjẹ́ kí asẹ́ náà dí. Bí a bá fi aṣọ mìíràn tó jọ ọ́, tí ihò rẹ̀ fẹ̀ díẹ̀ sí i, rọ́pò rẹ̀, omi yóò ṣì mọ́ lójú. Ẹni tó mu ún kò ní mọ nǹkan kan lọ́la, kò ní mọ̀ lóṣù tó ń bọ̀, torí nǹkan bí ọdún kan ni sòbìyà fi ń dàgbà nínú ara kí ó tó lu ẹsẹ̀ jáde. Ta ni yóò wá rántí aṣọ?

(Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n sọ fún yín pé ohun olówó kékeré kì í ṣe iṣẹ́ ńlá. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ wá sòbìyà káàkiri Nàìjíríà ní ìparí àwọn ọdún 1980, iye tí wọ́n rí lé ní 650,000. Ọdún 2008 ni a rí ẹni ìkẹyìn, ní ìpínlẹ̀ Enugu, àjọ WHO sì jẹ́rìí sí i lọ́dún 2013 pé ó ti tán nílẹ̀ wa. Asẹ́ pọ́ọ́kú wà lára ohun tó ṣe é.)

Kí ni ihò asẹ́ nínú bátìrì? Sẹ́ẹ̀lì róbótó ló kún inú àpótí náà. Irú tó wọ́pọ̀ jù fẹ̀ ní mìlímítà 18, ó gùn ní 65, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní 18650. Èyí tó dára dáadáa nínú wọn ń kó nǹkan bíi mílí-ámpù-wákàtí 3,500. Bí ẹ bá rí èyí tí wọ́n kọ 9,900 sí lára, irọ́ ni, kò sì yẹ kí a fi àkókò ṣòfò lórí rẹ̀. Àwọn tó mọ iṣẹ́ máa ń gbé sẹ́ẹ̀lì sórí òṣùwọ̀n: ojúlówó kì í dín ní gíráàmù 40, ayédèrú sábà máa ń fúyẹ́. Ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì ayédèrú kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ó kàn ń jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ kú sójú ọ̀nà ni.

Ohun tó yẹ ká bẹ̀rù ni àìdọ́gba. Nínú bátìrì fólítì 36, ẹgbẹ́ sẹ́ẹ̀lì mẹ́wàá ló tò tẹ̀ lé ara wọn, iná kan náà ló sì ń gba inú gbogbo wọn kọjá. Bí bátìrì bá kún, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ wà ní fólítì 4.2, kí àpapọ̀ wọn jẹ́ 42. Bí wọ́n bá wá kó sẹ́ẹ̀lì tòkúnbọ̀ jọ láti inú kọ̀ǹpútà àgbéléwọ̀n tó ti bàjẹ́, tí ọ̀kan ti gbó ju èkejì lọ, èyí tó gbó jù ni yóò kọ́kọ́ kún, òun náà ni yóò kọ́kọ́ gbẹ. Àpapọ̀ kò ní sọ fún wa. Ẹ wò ó: mẹ́sàn-án lè wà ní 4.17, kí ẹyọ kan wà ní 4.47. Ẹ rò wọ́n pọ̀, 42 géérégé ni. Ṣájà yóò tan iná àwọ̀ ewé, ó ti kún, inú onílé yóò dùn, ẹgbẹ́ kan sì ti gba ju agbára rẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí lóròòru títí ara ẹgbẹ́ náà yóò fi kọ̀ ọ́.

Iṣẹ́ bọ́ọ̀dù kékeré tí wọ́n ń pè ní BMS ni láti máa wo ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ó gé iná bí ọ̀kan bá kún jù, bó bá gbẹ jù tàbí bí ooru bá pọ̀. Èyí tó péye tún máa ń mú wọn dọ́gba díẹ̀díẹ̀. Ibẹ̀ gan-an sì ni pọ́ọ́kú ìkọ̀kọ̀ ń gbé. Bọ́ọ̀dù wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wáyà tó yẹ kó lọ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kò pé, tàbí kí èyí tó ń mọ ooru máà sí rárá. Lóṣù Kejì àti Kẹta ní Ìbàràpá, tí oòrùn ń ta bí iná, tí a sì ki kẹ̀kẹ́ bọ iná bí a ṣe ń ti orí ìrìn bọ̀, àìsí èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ibòmíràn tó ń gbé ni ọ̀já pẹlẹbẹ tó so sẹ́ẹ̀lì pọ̀. Níkẹ́ẹ̀lì ló yẹ kó jẹ́. Ọ̀pọ̀ ń lo irin tí wọ́n fi níkẹ́ẹ̀lì kùn lójú, tí kì í jẹ́ kí iná kọjá dáadáa, tó ń gbóná, tó sì ń dípẹtà. Méjèèjì ń dán bákan náà. Ẹ fi fáìlì ha á, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi iyọ̀ di ọjọ́ kejì, ẹ ó rí èyí tó jẹ́ irin.

Àwọn kan ti sọ ọ́ di òfin pé lítíọ́ọ̀mù tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí ló ń jó, pé ẹ̀mí burúkú ni. Kò rí bẹ́ẹ̀ pátápátá. Lítíọ́ọ̀mù inú bátìrì kéré, kò sì sí ní ìrísí irin tó ń bá omi jà. Omi kẹ́míkà tó ń jẹ́ kó lọ kó bọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì ló máa ń gba iná. Nítorí náà, irọ́ ni pé omi kò gbọ́dọ̀ kàn án bó bá ń jó: omi púpọ̀ ni àwọn panápaná fi ń mú un tutù. Ti ẹni tó wà nílé ni kó sá jáde, torí èéfín rẹ̀ ní májèlé, ó sì lè tún ràn lẹ́yìn tí a rò pé ó ti kú. Bẹ́ẹ̀ náà ni àṣà ká jẹ́ kí bátìrì kú pátápátá ká tó fi sí iná: àwọn bátìrì ayé àtijọ́ ló kọ́ wa níyẹn, lítíọ́ọ̀mù kò fẹ́ ẹ.

Oríṣi bátìrì lítíọ́ọ̀mù sì pọ̀. Èyí tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì John Goodenough fi kóbáàtì ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀ ní Oxford lọ́dún 1980, tí Sony gbé jáde sọ́jà lọ́dún 1991, ni baba ọ̀pọ̀ èyí tó wà nínú fóònù. Ní nǹkan bí ọdún 1997, Goodenough kan náà àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ní Texas fi irin àti fọ́sífétì rọ́pò kóbáàtì. Èyí wúwo díẹ̀ sí i fún iye iná kan náà, ṣùgbọ́n ó ń pẹ́ púpọ̀, kì í sì í yára gbiná. Ẹ tún gbọ́ pé “ti Ṣáínà ni” kì í ṣe ẹ̀sùn. Ṣáínà ni wọ́n ti ń ṣe èyí tó dára jù lọ àti èyí tó burú jù lọ. Ẹni tó ránṣẹ́ ló ń sọ irú èyí tó fẹ́.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ọbẹ̀. Nílùú New York, àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ oníná gbé oúnjẹ kiri kì í ṣe olówó, ọ̀pọ̀ wọn sì ń ra bátìrì pọ́ọ́kú. Lọ́dún 2023 nìkan, àwọn panápaná ibẹ̀ ka iná 268 tí bátìrì lítíọ́ọ̀mù dá sílẹ̀, ènìyàn 18 kú, 150 sì fara pa. Lóṣù Kẹsàn-án ọdún náà ni òfin dé pé kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ ta kẹ̀kẹ́ oníná tàbí bátìrì rẹ̀ tí ilé ìwádìí tó ní àṣẹ kò bá tíì yẹ̀ wò. Ìjọba ibẹ̀ ti gbà láti bá aráàlú tọ́ ọbẹ̀ wò. Ní Kútọnu àti Lomé, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà: ọlọ́kadà oníná tó ń bá ilé iṣẹ́ Spiro ṣe yóò gbé bátìrì tó ti tán wá síbùdó, yóò gba èyí tó kún, yóò sì máa bá tirẹ̀ lọ. Ilé iṣẹ́ ló ni bátìrì. Bó bá fi pọ́ọ́kú ìkọ̀kọ̀ rà á, òun náà ló máa jẹ ẹ́, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tó lè tú u wò sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Títí irú ètò bẹ́ẹ̀ yóò fi dé Ìbàràpá, ẹni tó bá fẹ́ rà á níhìn-ín kò gbọ́dọ̀ ra èyí tí ẹni tó ń tà á kò gbà kí rewáyà tú wò, kó sì ka fólítì ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan nígbà tó bá kún. Bí owó rẹ̀ kò bá tó ńlá, kó ra kékeré tó péye. Bó bá lè ṣe é, kó wá oníirin-àti-fọ́sífétì, ṣùgbọ́n kó ṣọ́ra fún ṣájà. Ẹgbẹ́ méjìlá ló máa ń wà nínú irú èyí fún fólítì 36, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń kún ní 3.65, nítorí náà ṣájà rẹ̀ ń gbé fólítì 43.8 jáde, nígbà tí ti irú àkọ́kọ́ ń gbé 42. Ẹnu wáyà méjèèjì sábà máa ń rí bákan náà. Bí ará ilé kan bá ki ti 43.8 bọ bátìrì ti 42, bí bọ́ọ̀dù rẹ̀ kò bá gbà á sílẹ̀, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò lọ sí 4.38. Kí ẹni tó bá ní irú méjèèjì nínú ilé fi ọ̀dà kọ fólítì gàdàgbà sára ṣájà kọ̀ọ̀kan, kó sì máa fi wọ́n sí iná ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìta, níbi tó jìnnà sí ẹnu ọ̀nà tí àwọn ọmọ ń gbà jáde.