Ẹnu lókè àbí ẹnu níwájú: Bí omi àti iná ṣe ń yan ẹ̀rọ ìfọṣọ fún àwọn èèyàn Nàìjíríà àti Ghana

Bí èèyàn bá wọ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ẹ̀rọ ilé nílùú Abuja, Kano tàbí Accra láti ra ẹ̀rọ ìfọṣọ, kò ní pẹ́ tí òǹtajà yóò fi béèrè pé: ṣé èyí tí wọ́n ń ti òkè kó aṣọ sí lẹ fẹ́ ni, àbí èyí tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà níwájú?

Ó lè jọ ọ̀rọ̀ owó àti ẹwà lásán. Àmọ́ ìtàn ẹ̀rọ ìfọṣọ fi hàn pé omi, iná àti bí ilé ṣe fẹ̀ tó ló máa ń pinnu irú èyí tí àwọn èèyàn orílẹ̀-èdè kan ń lò.

Báwo ló ṣe bẹ̀rẹ̀?

Lọ́dún 1782, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Henry Sidgier, gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ ìfọṣọ alágbàá tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí. Kò tíì sí iná mànàmáná nínú ilé ẹnikẹ́ni nígbà náà.

Lọ́dún 1910, Alva Fisher gba ìwé àṣẹ tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà lórí ẹ̀rọ tí iná ń yí. Ọ̀pọ̀ ló ń pè é ní ẹni tó kọ́kọ́ ṣe ẹ̀rọ ìfọṣọ oníná, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ ti wà lọ́jà ṣáájú ìgbà náà.

Ọdún 1937 ni ilé iṣẹ́ Bendix ní Amẹ́ríkà gbé ẹ̀rọ kan jáde tó ń fọ aṣọ, tó ń ṣàn án, tó sì ń fún un láìsí pé èèyàn fọwọ́ kàn án. Iwájú ni ilẹ̀kùn rẹ̀ wà. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ó máa ń gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ní láti kàn án mọ́lẹ̀.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, lọ́dún 1947, àwọn ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà mìíràn gbé èyí tó la ẹnu sókè jáde, òun ni ọjà ibẹ̀ sì gbà.

Kí ló mú kí Amẹ́ríkà àti Yúróòpù yàtọ̀?

Nínú ẹ̀rọ Amẹ́ríkà ìgbà náà, ọ̀pá kan dúró láàárín àgbá tó ń ro aṣọ bí ọmọrogùn ṣe ń ro ọkà. Aṣọ gbọ́dọ̀ rì sínú omi kí iṣẹ́ náà tó yá, èyí lè gba nǹkan bíi lítà 150 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Omi gbígbóná wà nínú páìpù wọn, ilé wọn sì fẹ̀.

Ní Yúróòpù, ọ̀pọ̀ ilé ò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Abẹ́ tábìlì ilé ìdáná ni wọ́n ń ti ẹ̀rọ náà sí, nítorí náà iwájú ni ilẹ̀kùn gbọ́dọ̀ wà. Nínú èyí, àgbá máa ń gbé aṣọ sókè, á sì jẹ́ kó já bọ́ sínú omi díẹ̀. Ẹ̀rọ náà ló ń se omi ara rẹ̀ gbóná.

Ibo ni Nàìjíríà àti Ghana wà nínú ìtàn yìí?

Ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni orílẹ̀-èdè méjèèjì ti jogún iná tó tó nǹkan bíi fóòtì 230. Nǹkan bíi 120 ni ti Amẹ́ríkà. Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ tòkunbọ̀ láti London fi ń ṣiṣẹ́ ní Accra, àmọ́ tí èyí tó wá láti Houston lè jóná bí kò bá sí tiransifọ́mà. Onílẹ̀kùn iwájú ló sì pọ̀ jù nínú èyí tó ń ti Yúróòpù wá.

Àmọ́ àwọn tó ṣe ẹ̀rọ yìí rò pé omi á máa ṣàn, iná kò sì ní lọ. Ọdún 1896 ni iná mànàmáná dé Èkó, ọdún 1966 ni wọ́n ṣí ìdídò Akosombo ní Ghana. Síbẹ̀, àwọn ará Ghana ti sọ àìdúró iná lórúkọ, "dumsor", ìyẹn "pa á, tàn án" lédè Twi. Ní Nàìjíríà, léraléra ni iná gbogbo orílẹ̀-èdè dàwó lọ́dún 2024.

Bí iná bá lọ nígbà tí ẹ̀rọ onílẹ̀kùn iwájú ń ṣiṣẹ́, aṣọ àti omi lè há sínú rẹ̀. Irin tó ń se omi gbóná nínú rẹ̀ lè fa nǹkan bíi wáàtì 2,000, èyí tí jẹnẹrétọ̀ kékeré kò lè gbé.

Ibí ni ẹ̀rọ alágbàá méjì ti rí àyè. Òkè ni ẹnu méjèèjì wà: ọ̀kan ń fọ aṣọ, èkejì ń fún un. Ó gbòde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàárín ọdún 1950 sí 1970 kí wọ́n tó pa á tì. Wọ́n ṣì ń tà á ní Nàìjíríà àti Ghana, nítorí èèyàn lè fi bọ́kẹ́ẹ̀tì bu omi sí i, kó tún fi omi ọṣẹ kan náà fọ aṣọ mìíràn. Bí iná bá lọ, èèyàn á kàn kó aṣọ rẹ̀ jáde, á sì fi ọwọ́ parí rẹ̀.

Ta ló ń pọn omi náà?

Ní Kano, àwọn "mai ruwa" ṣì ń fi kẹ̀kẹ́ ti kẹ́ẹ̀gì omi kiri àdúgbò. Ìròyìn tí àjọ WHO àti UNICEF gbé jáde lọ́dún 2023 sọ pé nínú ilé mẹ́wàá tí kò ní omi nínú ọgbà wọn lágbàáyé, àwọn obìnrin àti ọmọbìnrin ló ń pọn omi ní méje.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ nìyí. Ẹ̀rọ onílẹ̀kùn iwájú ló ń lo omi tó kéré jù, òun ni ìbá sì dín ẹrù orí ọmọbìnrin wọ̀nyẹn kù. Òun kan náà ló sì nílò omi páìpù tí kì í dá. Ilé tí omi ti wọ́n jù ni kò rí i lò.

Àwọn ìdílé kan ti gbé táǹkì omi sórí òpó, wọ́n sì ra sólà kí wọ́n lè lo èyí tí wọ́n fẹ́. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò tíì tó bẹ́ẹ̀ yóò kọ́kọ́ ṣí ẹnu páìpù ilé rẹ̀ wò, kó tó bi òǹtajà pé èwo ló dára jù.