Heartbleed àti Àwọn Ọjà Pàṣípààrọ̀ Owó Orí Íntánẹ́ẹ̀tì
Ní ọjọ́ 7, oṣù Kẹrin, ọdún 2014, ayé gbọ́ nípa Heartbleed, àléébù kan nínú OpenSSL, ètò kọ̀ǹpútà tí ọ̀pọ̀ ibùdó orí íntánẹ́ẹ̀tì fi ń sọ ọ̀rọ̀ di àrokò kí olè má baà rí i kà. Láti ọdún 2012 ni àléébù náà ti wà níbẹ̀, ẹni tó bá sì mọ̀ ọ́n lè fi fa ọ̀rọ̀ aṣínà oníbàárà, àní kọ́kọ́rọ́ àrokò náà gan-an, jáde láìfi ipasẹ̀ kankan sílẹ̀. Kíá ni Bitstamp, ọjà pàṣípààrọ̀ bitcoin tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Slovenia, dá ìwọlé àti ìgbowó dúró. Ìpinnu tó yẹ fún ìyìn ni, nítorí bitcoin, owó orí kọ̀ǹpútà tí kò ní báńkì àpapọ̀, kò ṣeé gbà padà bí olè bá ti fi ránṣẹ́. Àtúnṣe gidi ni kí ọjà kọ́kọ́ fi OpenSSL tí wọ́n ti tún ṣe rọ́pò èyí tó ní àléébù, kí ó wá pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ àrokò, kí oníbàárà sì yí ọ̀rọ̀ aṣínà padà.

Ọ̀rọ̀ ààbò yìí kan Nàìjíríà náà. Nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà pàṣẹ ní ọjọ́ 5, oṣù Kejì, ọdún 2021 pé kí àwọn báńkì ti àkáǹtì àwọn oníṣòwò bitcoin àti irú owó bẹ́ẹ̀ pa, òwò náà di láàárín ẹni sí ẹni: ẹni tó wà ní Ìyànà Ìpájà ní Èkó yóò san náírà sínú àkáǹtì ẹni tó ń tà, ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì yóò sì di bitcoin mú títí owó yóò fi wọlé. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023 ni Báńkì Àpapọ̀ dẹ òfin náà, ṣùgbọ́n irú àrokò tí Heartbleed tú síta yẹn ni àwọn ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì wọ̀nyí ṣì gbára lé.