Bí Àwọn Alábòójútó Ṣe Ń Bá Ẹni Tó Rú Òfin Lò Lórí Íńtánẹ́ẹ̀tì

Ibikíbi tí èèyàn bá ti ń pàdé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, òfin máa ń wà níbẹ̀, àwọn tó ń ṣọ́ òfin náà sì máa ń wà pẹ̀lú. Lórí gúrúùpù WhatsApp, admin là ń pè wọ́n. Ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n sábà máa ń gbà ṣe é: ìkìlọ̀, pípa ọ̀rọ̀ rẹ́, dídá èèyàn lẹ́kun ọ̀rọ̀ fúngbà díẹ̀, àti yíyọni kúrò pátápátá. Èyí tó kéré jù ló yẹ kó ṣáájú.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún 2021

Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà ọdún 2021, Ààrẹ Muhammadu Buhari fi ọ̀rọ̀ kan sórí Twitter, ó mẹ́nu ba ogun abẹ́lé ọdún 1967 sí 1970 bó ṣe ń kìlọ̀ fún àwọn tó ń da ìlú rú. Lọ́jọ́ kejì, Twitter pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́, wọ́n ní ó rú òfin àwọn. Wákàtí 12 ni wọn kò fi jẹ́ kí àkáǹtì náà kọ nǹkan.

Ní ọjọ́ 4 oṣù náà, ìjọba àpapọ̀ kéde pé àwọn ti dá iṣẹ́ Twitter dúró ní Nàìjíríà, pé àwọn kan ń lò ó láti fi ba ìṣọ̀kan orílẹ̀-èdè jẹ́. Ọjọ́ 13 oṣù Kìíní ọdún 2022 ni wọ́n tó ṣí i. Ní oṣù Keje ọdún náà, ilé ẹjọ́ ECOWAS dá a lẹ́jọ́ pé ìtìpa náà kò bófin mu.

Ẹ wo ìyàtọ̀ rẹ̀. Ìyà àkọ́kọ́ bá ẹnì kan ṣoṣo, ó sì ní gbèdéke. Èkejì bá gbogbo ìlú, àtẹni tó ṣẹ̀ àtẹni tí kò ṣẹ̀, títí kan oníṣòwò tó ń polówó ọjà rẹ̀ níbẹ̀.

Àpẹẹrẹ Ka'b bin Mālik

Lẹ́yìn ìrìn àjò Tabūk, Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ní kí ẹnikẹ́ni má bá Ka'b àti àwọn méjì mìíràn sọ̀rọ̀, nítorí wọ́n dúró sílé láìní àwáwí. Ó gba àádọ́ta ọjọ́. Síbẹ̀, Ka'b ṣì ń wá kírun ní mọ́sálásí. Wọn kò tì í mọ́ta. Nígbà tí ìdáríjì dé, tó wà nínú Súrà Taobah, aayah 118, ṣe ni àwọn èèyàn sáré lọ fún un ní ìró ìdùnnú.

Nínú gúrúùpù ẹbí wa

Ní agbègbè Fájuyì àti káàkiri Adó-Èkìtì, ọ̀dọ́ ló sábà máa ń jẹ́ admin gúrúùpù ẹbí. Bí ẹ̀gbọ́n bàbá bá wá fi ìròyìn irọ́ ránṣẹ́ ńkọ́? Kí admin pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́, ṣùgbọ́n kó jẹ́ pé àgbà ẹbí ni yóò pe bàbá náà sórí fóònù. Ẹ kọ òfin sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ṣẹ̀. Bí ẹ bá yọ ẹnì kan, ẹ sọ ìdí rẹ̀ fún un níkọ̀kọ̀, kí ẹ sì dá ọjọ́ tó máa padà. Ẹni tí a yọ láìsọ ìdí lè má wá síbi ìsìnkú ẹbí mọ́.