Ilé Àgùdà Àjàṣẹ́ Tí Ó Di Ìsọ̀

Ẹni tí ó bá gba àárín Àjàṣẹ́ kọjá láti ọjà ńlá lọ sí etí ọ̀sà yóò rí àwọn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí orí fèrèsé wọn tẹ̀ bí ọrun, tí àwọn ọ̀mọ̀lé sì fi òdòdó àti ewé ṣe ọ̀ṣọ́ sí ara ògiri wọn. Ilé Àgùdà ni. Àwọn tí ó kọ́ wọn ni ọmọ ilẹ̀ wa tí a kó lẹ́rú lọ sí Bàràsílì, àti àwọn ọmọ tí wọ́n bí lọ́hùn-ún. Wọ́n padà wálé díẹ̀díẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, pàápàá lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ tí àwọn Ìmàle, tí àwọn Potogí ń pè ní Malê, dì ní Bàhíà ní 1835. Lónìí, ìsàlẹ̀ àwọn kan nínú ilé wọ̀nyí ti di ìsọ̀ aṣọ, ìsọ̀ fóònù, àti bùtíìkì onírúurú ọjà.

Àwọn àgbà mìíràn ka èyí sí àbùkù. Ṣùgbọ́n ìtàn kò gbè wọ́n tán. Ní Bàhíà, òwò ni a sábà máa ń ṣe nísàlẹ̀ irú ilé bẹ́ẹ̀, òkè ni ìdílé ń gbé. Oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́ sì ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn Àgùdà tí ó padà wá. Nígbà Ọba Tọ́fà, tí ó jẹ láti 1874 sí 1908, epo pupa àti èkùrọ́ ni ọrọ̀ Àjàṣẹ́. Ojú ọ̀sà ni ọjà ń gbà lọ sí Èkó, tí ó sì ń gbà bọ̀. Ìsọ̀ kì í ṣe àlejò nínú ilé Àgùdà.

Ohun tí ó yí padà ni ẹni tí ń tajà. Láyé àtijọ́, ẹni tí ń tà nísàlẹ̀ ni ó ń sùn lókè. Bí òjò bá jò, orí tirẹ̀ ni ó jò sí. Lónìí, ayálégbé ni ó wà nísàlẹ̀, òkè ti ṣófo, àwọn àrólé sì ti fọ́n ká sí Kútọnu, Èkó àti ilẹ̀ Faransé. Ayálégbé fẹ́ kí ojú ìsọ̀ òun fẹ̀. Kò mọ ohun tí ògiri náà rù.

Amọ̀ sì ni ògiri ọ̀hún nínú ọ̀pọ̀ ilé wọ̀nyí. Ó nípọn, òun ni ó gbé àjà àti òrùlé dúró. Ilẹ̀kùn mẹ́ta tóóró tí ó tò síwájú ilé kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán: ẹrù òkè ń gba orí wọn tí ó tẹ̀ bí ọrun sọ̀kalẹ̀ sínú òpó tí ó wà láàárín wọn. Ẹni tí ó bá wó òpó wọ̀nyí kí ó lè ri ilẹ̀kùn irin gbàgàdà kan mọ́ ibẹ̀, ẹsẹ̀ ilé ni ó gé. Bí ó bá di dandan kí ojú ìsọ̀ fẹ̀, a ní láti fi igi ti àjà láti ìsàlẹ̀ kí a tó fọwọ́ kan ògiri, kí a sì gbé igi ìrókò tàbí irin tí ó tó ẹrù náà gbà á, kí orí rẹ̀ méjèèjì wọlé dáadáa sórí ògiri tí ó kù. Ó sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ pé kí ilẹ̀kùn mẹ́ta wà bí mẹ́ta. Àwọn oníbàárà yóò wọlé náà ni.

Sìmẹ́ńtì ni ọ̀tá kejì, òun sì ni ó ń tan ènìyàn jù. Omi ilẹ̀ a máa gun ògiri amọ̀. Bí a bá fi amọ̀ tàbí ẹfun tí a sun láti inú ìkarahun rẹ́ ẹ, omi náà a rí ọ̀nà jáde, ògiri a sì gbẹ. Bí a bá fi sìmẹ́ńtì bò ó, omi a há sínú. Ojú ògiri a máa dán bí tuntun, inú a máa jẹrà.

Àwọn Àgùdà Èkó ní ilé kan tí ó yẹ kí Àjàṣẹ́ ronú lé lórí. Ìdílé Fernandez ni ó ni ín ní Ìta Tinúubú. 1855 ni a kọ́ ọ. Ní 1933 ó bọ́ sọ́wọ́ ìdílé Ọláìyá, orúkọ tí gbogbo ènìyàn sì mọ̀ ọ́n sí ni Ìlọ́jọ́ Bar. Ní 1956 ìjọba kà á mọ́ ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ó dúró títí di oṣù kẹsàn-án 2016, tí a wó o lulẹ̀. Kì í ṣe ọtí tí wọ́n tà níbẹ̀ ni ó wó o. Ìwé ìjọba náà kò sì gbà á là.

Nítorí náà, àárín ìdílé ni ọ̀rọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Òfin ìdílé tí Bẹ̀nẹ̀ gbé jáde ní 2004 fún ọmọbìnrin àti ọmọkùnrin ní ẹ̀tọ́ kan náà nínú ogún, nítorí náà ìwé ìyáǹda tí àwọn ọkùnrin nìkan bá fọwọ́ sí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ó yẹ kí ìwé náà sọ ògiri tí ayálégbé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn, ohun tí a ó fi rẹ́ ilé, àti iye tí a ó yọ sọ́tọ̀ fún òrùlé nínú owó ilé kí ẹnikẹ́ni tó pín in. Bí ibojì àwọn àgbà bá wà nínú ilé, kí yàrá náà má ṣe wọ inú àdéhùn rárá. Ọwọ́ ìdílé ni kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà.