Kẹ̀kẹ́ Bàbá Mi àti Títì Èkó

Bí ẹ bá pe "Kẹ̀kẹ́!" ní Mushin lónìí, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni yóò dúró fún yín: kẹ̀kẹ́ Márúwá, tí a fi orúkọ Buba Marwa pè, ẹni tó ṣe olórí ìjọba ológun ní Ìpínlẹ̀ Èkó láti 1996 sí 1999. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́sẹ̀ méjì ló kọ́kọ́ ń jẹ́ orúkọ náà.

Raleigh dúdú ni ti bàbá mi, èyí tí wọ́n ṣe ní Nottingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òun ni wọ́n ń gùn láti Mushin lọ síbi iṣẹ́ Réluwéè ní Èbúté-Mẹ́ta. Wọ́n máa ń sọ ìtàn ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, tí Nàìjíríà kúrò lápá òsì títì, tó bọ́ sápá ọ̀tún. Wọ́n á ní, "Orí mi mọ̀ ọ́n, ọwọ́ mi ni ò mọ̀ ọ́n!"

Ní 1989, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Bàbá ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan Raleigh wọn. Kẹ̀kẹ́ háyà ni mo fi kọ́ ọ, lọ́dọ̀ fọganáísà àdúgbò wa, àádọ́ta kọ́bọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Irin àárín rẹ̀ ga jù fún mi, ni mo bá ti ẹsẹ̀ kan gba abẹ́ rẹ̀, mo ń gùn ún ní ẹ̀gbẹ́.

Ibo la ti ráyè? Ọjọ́ sànítéṣọ̀n ni. Ìjọba ológun ló gbé e dé láàárín àwọn ọdún 1980: ní Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, láti aago méje sí mẹ́wàá àárọ̀, kónílé-ó-gbélé ni. Àwọn àgbà ń kó gọ́tà iwájú ilé, àwa ọmọdé ń ṣubú lójú títì. Eékún bó, ìgbúnwọ́ bó, ṣùgbọ́n kò sí dánfó tí yóò tẹ̀ wá. Ní oṣù kẹta, kẹ̀kẹ́ gbọ́ tèmi.

Nígbà tí mo dàgbà, bàbá fún mi ní Raleigh náà. Mo gùn ún lọ sẹ́kọ́ńdírì, mo gùn ún lọ síbi iṣẹ́ ìròyìn ní Yábàá. Ní 2003, dánfó kan tì mí sí gọ́tà lójú ọ̀nà Agége, kò sì dúró. Apá mi kán. Bàbá wá wò mí, wọn ò bá mi wí. Wọ́n kàn ní, "Kẹ̀kẹ́ ò yí padà o. Títì ló yí padà." Wọ́n gbé e kọ́ ara ògiri, ibẹ̀ ló wà títí wọ́n fi kú.

Lẹ́yìn náà ni mo rí i nínú Ìwé Òfin Nàìjíríà ti 1999 pé fífún kẹ̀kẹ́ ní láìsẹ́ǹsì wà lára iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, òun àti ọkọ̀ ojú omi àti ọmọlanke. Ẹ̀rín pa mí. Òfin ṣì ka kẹ̀kẹ́ sí, àwa tí a ń lo títì la ò kà á sí mọ́.

Ní 2016, Ìjọba Èkó fòpin sí kónílé-ó-gbélé ọjọ́ sànítéṣọ̀n. Ó dùn mọ́ oníṣòwò, èmi náà ò fẹ́ kó padà. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin mi pé ọdún mẹ́wàá, ó ní kí n kọ́ òun. Aago mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ Àìkú la ń jáde ní Sùrùlérè, kí mọ́tò tó pọ̀.

"Dádì, ẹ má fi mí sílẹ̀ o!"

Ẹ̀yin onímọ́tò, bí ẹ bá rí bàbá kan tó ń sáré tẹ̀lé kẹ̀kẹ́ kékeré, ẹ jọ̀wọ́, ẹ rọra.